Ìdérí Tó Dojú Bolẹ̀

Bí mo bá rí ìdérí ìgò mínírà nílẹ̀ ní Airport Road, àǹtí kan tó wá wọ ẹgbẹ́ wa ni mo máa ń rántí, inú á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Èmi ni mo dá ẹgbẹ́ eré ìtàn wa sílẹ̀, eré onídáìsì tí a jọ ń fẹnu sọ ìtàn, tí kálukú sì ń ṣe akọni kan nínú rẹ̀. Kí iṣẹ́ epo tó gbé àǹtí náà wá sí ìlú wa láti Èkó, èmi nìkan ló ń ṣòfin agbára àwọn akọni.

Ìdérí ìgò ni òun fi ń ṣọ́ agbára. Tí akọni bá ti lo agbára, á dojú ìdérí bolẹ̀. Tí agbára bá padà, á ṣí i sókè. Ọdẹ ni akọni tèmi, iná tó fi ń jà kì í tán. Ó rẹ́rìn-ín: “Àbúrò, agbára tí kì í tán, ta ló máa ṣọ́ ọ lò?”

Àwọn yòókù pariwo: “Aunty, you too sabi!”

Ṣé irọ́ ló pa? Kò parọ́. Ohun tó dùn mí gan-an nìyẹn.

Oníṣègùn ni akọni rẹ̀. Agbára ìwòsàn ọ̀hún kì í padà, àfi tí ẹni tí akọni rẹ̀ fara pa bá ki oríkì oníṣègùn náà títí orí àǹtí á fi wú. Lọ́jọ́ kan, ejò bu ọdẹ mi ṣán. Ìdérí ìwòsàn ti dojú bolẹ̀. Gbogbo wọn ń wò mí.

“Oga, hail am na!”

Oríkì tó dáa kan ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì, mo sì jẹ́ kí ọdẹ tí mo fi ọdún méjì tọ́ kú.