Ìgò Tó Sùn Láàárín Pánlá

Lọ́jọ́ tí tiransifọ́mà yunifásítì bú gbàmù, tí jẹnẹrétọ̀ náà sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní ṣiṣẹ́, gbogbo olùkọ́ gbé báàgì wọn, wọ́n kọrí sílé. Olóògbé Cornelius Ọláoyè, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Láàbù, nìkan ló sáré wọ láàbù. Ó ṣí fíríìsà, ó mú ìgò kan tí kò tóbi ju ìka ọmọdé lọ, ó kì í bọ inú fúláàsì oúnjẹ tó kún fún yìnyín, ó sì já sójú títì. Ó wọ ọkọ̀ dé Ṣàngó, ó di ṣọ́ọ̀bù Àdìzát, ìyá Fàlílù, tó ń ta ẹja dídì nítòsí Toll Gate.

"Ìyá Fàlílù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú fíríìsà yín."

"Ẹ káàsán o, Bàbá. Àyè kẹ̀? Ẹja ni mò ń tà, n kì í ta àyè."

"Ẹ gbà mí. Ìgò kékeré yìí ni. Bí ooru bá mú un, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Kí ló wà nínú ẹ̀? Ṣé kì í ṣe májèlé?"

"Àǹtíbọ́dì ni. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ara wa tó máa ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i. Tó bá ti ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè bá jẹjẹrẹ rìn. Ohun tó wà nínú ìgò yìí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀: kó wá ẹ́ńsáìmù yẹn rí, kó dì mọ́ ọn. Bí ẹgbẹ̀rún nǹkan mìíràn bá wà níbẹ̀, kò ní yà sọ́dọ̀ wọn, kò tiẹ̀ ní kí wọn."

Àdìzát wo ìgò náà títí. "Kò ní kí ẹnikẹ́ni? Ẹ gbé e wọlé, Bàbá. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi gan-an nìyẹn."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìgò náà fi sùn láàárín pánlá àti ṣáwá. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá Láàbù ń jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Bí oníbàárà bá ṣí fíríìsà pẹ́ díẹ̀, á fò dìde: "Ẹ tètè mú ẹja yín, kẹ́ ẹ pa á dé!"

Obìnrin kan bí i bóyá òun ló ni ṣọ́ọ̀bù.

"Rárá o. Èèyàn mi ni mò ń ṣọ́."

"Èèyàn yín dà?"

"Ó wà nínú fíríìsà."

Obìnrin náà ju ẹja sílẹ̀, ó sáré dé Ìjokò kó tó bojú wẹ̀yìn.

Ọmọ Ìkìrun ni Cornelius. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ló gbé e wá sí Ọ̀tà, òun ló ń yẹ ọṣẹ wò kí wọ́n tó kó o jáde. Nígbà tí ìjọ àti yunifásítì wá ń dìde lọ́tùn-ún lósì, ó lọ ṣiṣẹ́ ní láàbù yunifásítì kan. Àmọ́ ìwà ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kò kúrò lára rẹ̀: ohunkóhun tí kò bá tíì dán wò lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbà á gbọ́. Nígbà tó ní kí Bíọ́lá, tó padà di ìyàwó rẹ̀, fẹ́ òun, Bíọ́lá gbà. Ní ọjọ́ kejì, ó tún padà lọ béèrè.

"Ṣebí mo ti gbà lánàá?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn. Ó lè jẹ́ àṣìṣe."

Ní ọjọ́ kẹta, Bíọ́lá dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. "Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí o bá fi lè wá lọ́la, èsì yẹn máa yí padà."

Ìwà yìí kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ lórí ìgò tó ṣáájú ti inú pánlá. Jemimah, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé gboyè kejì, ló ń fi ohun inú ìgò yẹn wá ẹ́ńsáìmù náà nínú kókó tí wọ́n gé lára ọyàn àwọn obìnrin nílé ìwòsàn. Jẹjẹrẹ ọyàn ló pa ìyá rẹ̀. Èsì àkọ́kọ́ jáde bí ẹni pé wọ́n yà á: ìlà dúdú kan gbọọrọ, àmì pé ó ti rí ẹ́ńsáìmù náà. Olùkọ́ rẹ̀, Dókítà Dámiláre, kò lè pa á mọ́ra. Lọ́jọ́ Sunday, ó bọ́ síwájú ìjọ, ó jẹ́rìí, àwọn èèyàn hó pé "Halelúyà!"

Lọ́jọ́ Monday, Bàbá Láàbù fi ohun tí kò ní ẹ́ńsáìmù náà nínú rárá dán àǹtíbọ́dì ọ̀hún wò. Ìlà dúdú kan náà tún yọ.

"Ọ̀gá, ohun tó wà nínú ìgò yìí ń kí gbogbo àdúgbò ni."

"Bàbá, mo ti jẹ́rìí o!"

"Ẹ padà lọ jẹ́ òmíràn."

Jemimah bú sẹ́kún. "Bàbá, oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe é! Oṣù kẹfà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mi máa parí."

"Mo mọ̀." Ohùn Bàbá rọlẹ̀. "Àmọ́ oníṣègùn kan máa ka ohun tó o bá kọ. Ó lè tìtorí ẹ̀ pinnu nǹkan lórí ìyá ẹnìkan. Ṣó o fẹ́ kó jẹ́ irọ́?"

Ọmọ náà nu ojú rẹ̀.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà sí àwọn tó ta ìgò náà. Mọ́kànlá ló kọ tí wọn kò dáhùn. Ní ìkejìlá, ó sọ fún wọn pé òun ṣì ní bébà púpọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìgò tuntun ti dé.

Ìgò tuntun yìí ló bá pánlá sùn. Nígbà tí iná dé lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n gbé e padà sí láàbù. Wọ́n fi ohun tí kò ní ẹ́ńsáìmù dán an wò: kò sí nǹkan kan. Wọ́n fi èyí tó ní in dán an wò: ìlà yọ. Dókítà Dámiláre ti bẹ̀rẹ̀ orin.

"Ẹ ṣì gbé orin yẹn dúró, ọ̀gá. Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì."

Jemimah parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù kẹfà tán. Láti ìgbà náà ni ilé ìwòsàn ti ń fi kókó ránṣẹ́ sí wọn láti yẹ̀ wò, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin mìíràn sì ti dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà.

Bàbá Láàbù sùn nílé rẹ̀ ní Ìjokò lọ́dún kẹta lẹ́yìn náà, kò jí mọ́. Nínú ìjọ lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹni tó bá di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ẹ̀rín ló fi ń pa èèyàn. Àdìzát jókòó síwájú pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu omi ojú. Ó wá kan Jemimah.

"Ìgbà kẹta tí èsì yẹn jáde," ni ó wí, "Bàbá wò ó, wò ó. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. Mo ní ó tán, wọ́n á ní ká tún un ṣe. Wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ní, 'Ó dáa. Lọ jẹun, ọmọ mi.' Mi ò tíì jẹ nǹkan kan láti ọjọ́ méjì ṣáájú ìgbà yẹn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń wo èmi náà."

Ẹ̀rín inú ìjọ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bíọ́lá dìde lórí àga rẹ̀, ó rìn lọ síwájú, ó sì gbá ọmọbìnrin náà mọ́ra.