Owó tí Verlene fi ránṣẹ́ sí Tackett mìíràn

Ogún ọdún ni Verlene Tackett fi dáná fún àwọn ọmọ iléèwé ní ìlú wa ní Kentucky. Nígbà tí wọ́n ti Dorsey, àbúrò rẹ̀, mọ́lé nítorí ìjà ilé ọtí, ó lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ sáwọn ẹlẹ́wọ̀n, tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó fi ogún dọ́là ránṣẹ́ sí i kó lè fi ra kọfí àti ọṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́wọ̀n méjì tó ń jẹ́ Tackett ló wà lójú ẹ̀rọ náà, èyí tí kì í ṣe Dorsey ló sì tẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́tà dé láti ọwọ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Darla Tackett: “Ẹ ṣeun, mà. Láti oṣù mẹ́ta tí mo ti wà níbí, ẹnì kankan ò tíì rántí mi.”

Verlene pinnu pé òun á máa fi owó ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì. Dorsey ráhùn lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé gbogbo ẹlẹ́wọ̀n lẹ fẹ́ bọ́ ni?”

“Panu mọ́, oníjà. Irinwó ọmọ ni mò ń bọ́ lójúmọ́. Ṣé ẹ̀yin méjì lẹ máa wá wọ̀ mí lọ́rùn?”

Ọjọ́ tí Dorsey jáde, ó bá Darla, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀, nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jókòó ti búrẹ́dì àgbàdo àti ẹ̀wà, tó ń rẹ́rìn-ín.