Nọ́ọ̀tì Tí Wọ́n Ní N Má Fọwọ́ Kàn

Inú ń bí mi. N kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀, nítorí bí mo bá kọ́kọ́ ń fara balẹ̀ kí yín bí ọmọlúàbí, ìbínú ọ̀hún á rọ̀, n kò sì fẹ́ kó rọ̀. Iṣẹ́ fọganáísà ni mò ń ṣe ní Mabera, nílùú Sókótó. Mo ń lẹ táyà, mo ń fún un ní afẹ́fẹ́, mo ń tú u, mo ń dè é padà. Láàárín àwa oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbẹ̀, a ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: nọ́ọ̀tì tó de táyà, ti fọganáísà ni, ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn táyà, ti mẹkáníìkì ni. Bí mẹkáníìkì bá ti de tirẹ̀, fọganáísà kì í fi sípánà kàn án mọ́. Pàápàá jù lọ bí mẹkáníìkì ọ̀hún bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tèmi jù mí lọ dáadáa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bíi tèmi. Òun ló mú mi wá sí Sókótó, ilé rẹ̀ ni mo sùn fọ́dún méjì, ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ni mo sì ń jẹ kí n tó ní ìkòkò tèmi. Bọ̀ọ̀dá ni mò ń pè é. Bó bá ní kí n jókòó, mo ti jókòó kó tó sọ ọ́ tán.

Jíìpù kan ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbalasa fún ẹrù. Ti Alájì kan tó ní oko àlùbọ́sà lẹ́yìn Wamakko ni. Iyanrìn ló kún ọ̀nà oko náà, imú jíìpù a sì máa gbálẹ̀, nítorí iwájú rẹ̀ relẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Alájì ra irin tí wọ́n ń fi sórí ṣọ́ọ̀kì iwájú kó lè bá ẹ̀yìn dọ́gba, ó sì ní kí wọ́n ra sipésà mẹ́rin wá láti Kánò. Sipésà yìí, irin roboto tó nípọn ni. Wọ́n ń fi sáàárín táyà àti họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tí wọ́n ń de táyà mọ́, kí táyà lè yọ síta, kí mọ́tò lè ya ẹsẹ̀ dúró dáadáa. Nọ́ọ̀tì ló de òun fúnra rẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù, táyà á wá bò ó mọ́lẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì inú yìí bá ń tú, ojú kò ní rí i.

Dẹ́rẹ́bà tó ń wa jíìpù náà, ọmọ Hausa, ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń yà lọ́dọ̀ mi láàárọ̀ tó ń béèrè bí mo ṣe sùn, bí iṣẹ́, bí òtútù. Nígbà tí ibà dá mi wólẹ̀, òun ló ń gbé fúrá òun wàrà wá fún mi.

Bọ̀ọ̀dá mọ iṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Irin iwájú yẹn, ó fi í sí i láìṣe àṣìṣe kankan, imú jíìpù gbéra, ó dọ́gba. Sipésà ló kánjú ṣe. Alájì ń pè lórí fóònù, oòrùn ń jó wa, ìrun ọ̀sán sì ti ń sún mọ́. Mo wo ojú họ́ọ̀bù, ìpẹtà bò ó. Irin tó bá jókòó lórí ìpẹtà, kò jókòó. Yóò dà bíi pé nọ́ọ̀tì ti le, ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá rìn díẹ̀ tí ìpẹtà náà rún, àyè á ṣí sílẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú ẹ̀ díẹ̀.”

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ṣé o ti lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lẹ́yìn mi ni? Táyà ni kó o gbé wá.”

Mo gbé táyà wá. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Ọwọ́ ara mi yìí ni mo fi bo àwọn nọ́ọ̀tì yẹn mọ́lẹ̀, lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí mo ń sọ fún ara mi pé n kò rí nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, dẹ́rẹ́bà dé. Ó ní ọwọ́ mọ́tò ń gbọ̀n, òun sì ń gbọ́ ìró kan lẹ́sẹ̀ iwájú, kó, kó, kó. Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó dá a lóhùn ní Hausa pé gíga tuntun ni, ara mọ́tò á mọ́ ọn, kó máa lọ. Dẹ́rẹ́bà wojú mi. Mo wolẹ̀. Ó ní òun ń lọ kó àwọn obìnrin tó ń bá Alájì kórè àlùbọ́sà ní Kofar Kware, obìnrin mẹ́jọ, ó sì wa mọ́tò rẹ̀ lọ.

Mo bínú sí Bọ̀ọ̀dá. Mo bínú sí Alájì tó ń kánjú. Mo tilẹ̀ bínú sí dẹ́rẹ́bà tó wojú mi. Nígbà tí n kò rí ẹlòmíràn tí mo lè bínú sí àfi èmi fúnra mi, mo gbé jáàkì, mo kó sípánà, búrọ́ọ̀ṣì àti nọ́ọ̀tì tuntun díẹ̀ sínú báàgì, mo wọ kẹ̀kẹ́ Nàpẹ́ẹ̀pù, mo ní kó sáré gbé mi dé Kofar Kware.

Mo bá wọn. Àwọn obìnrin náà ti gun ẹ̀yìn jíìpù. Mo ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bú mi, ọ̀kan béèrè bóyá orí mi pé. Wọ́n ń kùn bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Mo jáàkì ẹsẹ̀ iwájú sókè, mo tú táyà. Nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló wà lára sipésà. Ti àkọ́kọ́, ìka méjì ni mo fi yí i tó ń bọ̀. Èkejì náà ń bọ̀. Ẹ̀kẹta ti jẹra nínú, kò ṣeé dè mọ́. Dẹ́rẹ́bà lóṣòó tì mí, ó fi ìka tirẹ̀ yí ọ̀kan wò. “Wallahi,” ló sọ.

Mo ha ìpẹtà títí irin fi ń dán, lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo de gbogbo nọ́ọ̀tì le, mo fi tuntun rọ́pò èyí tó bàjẹ́, mo sì ju èyí tó bàjẹ́ sápò. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì, nítorí sipésà tuntun gbọ́dọ̀ tún rí sípánà bó bá ti rìn díẹ̀. Ó padà wá lóòótọ́, ó sì béèrè mi níṣojú Bọ̀ọ̀dá. Bí Bọ̀ọ̀dá ṣe gbọ́ nìyẹn.

“O tú iṣẹ́ mi lójú títì! Níwájú àwọn onílẹ̀! Ìwọ tí mo fọwọ́ ara mi mú wá!”

“Bọ̀ọ̀dá, ìka ni mo fi tú u.”

“Ṣé mo bi ẹ́ léèrè ohun tó o fi tú u ni?”

Lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé ẹjọ́ mi dé ìpàdé àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn àgbà jókòó sórí àga oníke, wọ́n ń mu omi inú ọ̀rá. Mo sọ pé nọ́ọ̀tì ń bọ̀ lọ́wọ́. Mo sọ pé obìnrin mẹ́jọ ló wà lẹ́yìn mọ́tò. Alága ní, “A ò béèrè ìyẹn. Ṣé o pè é kó o tó tú u?” Mo ní n kò pè é. Gbogbo wọn mí kanlẹ̀ bíi pé ẹjọ́ ti parí. Ẹnìkan wá ń kọ́ mi pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Àkísà! Ìpẹtà ni mò ń wí, àkísà ni wọ́n ń bá mi sọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní kí n mú nọ́ọ̀tì wá kí òun wò ó.

Wọ́n ní kí n dọ̀bálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Nọ́ọ̀tì ọ̀hún wà lápò ṣòkòtò mi, ó ń gún mi nítan. Mo mọ̀ pé bí mo bá yọ ọ́ tí mo gbé e sórí tábìlì, ọ̀rọ̀ lè yí padà. N kò yọ ọ́. Ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ni mo rántí. Ẹnu mi yìí náà ló sọ pé, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú.” Ó fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn, ó ní òun ti dárí jì mí. Wọ́n ṣàdúrà, a ṣe àmín.

Dẹ́rẹ́bà wà níta. Ó ti wá jẹ́rìí sí mi, wọ́n ní ìpàdé ọmọ ìlú ni, kó dúró síbẹ̀. Ó rí iyẹ̀pẹ̀ láyà aṣọ mi.

“Kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní mo jẹ̀bi.”

Ó bá mi gbọn iyẹ̀pẹ̀ náà dànù. “Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, ṣé wàá tún tú u?”

Mo la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, òun náà sì rí i pé ó pẹ́. Ó mi orí, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó lọ.

Ó ṣì ń yà lọ́dọ̀ mi láàárọ̀. Ó ṣì ń béèrè bí mo ṣe sùn, bí iṣẹ́, bí òtútù. Ṣùgbọ́n ó ti ra sípánà tirẹ̀.