Fóònù Inú Àpò Àyà Bàbá Mi

Ariwo ọkọ̀ ojú irin níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló jẹ etí bàbá mi. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì sí Ifọ̀, èèyàn ní láti pariwo kó tó gbọ́ "ẹ káàárọ̀". Síbẹ̀, nígbà tí gbogbo ayé ń ra fóònù, òun náà fi dandan lé e, àfi kí n ra tòun. Mo bi í pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Ṣé etí nìkan ni Ọlọ́run dá mọ́ mi ni?"

Mo bá rà á. Mo ṣe é kó máa gbọ̀n dípò kó máa dún, ó sì ń fi í sínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀. Láràárọ̀, kí n tó wọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Lotto ní Mòwé lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, màá fíláàṣì rẹ̀: màá pè é, màá sì gé e. Tó bá ti gbọ̀n láyà rẹ̀, yóò ṣàdúrà fún mi, yóò sì fíláàṣì padà. Aládùúgbò rẹ̀ sọ fún mi pé ṣe ló máa ń ta gìrì bí ẹni tí èèrùn jẹ, táá wá máa rẹ́rìn-ín pé, "Ọmọ mi ló fọwọ́ kàn mí yẹn."

Ó dùn mọ́ èmi náà. Mo ti kí bàbá mi, mi ò dé Ifọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fíláàṣì, kò dáhùn. Mo tún pè, fóònù ti kú. Aládùúgbò rẹ̀ náà ò gbé tiẹ̀. Mo pa iṣẹ́ tì, mo gba ọ̀nà Ọ̀fàdà nínú ọkọ̀ kan tí kò fo kòtò kankan dá. Ẹ̀rù bà mí débi pé àdúrà ò wá sẹ́nu mi, àfi "Olúwa, ẹ jọ̀ọ́."

Iwájú ilé ni mo bá a, ó ń jẹ ẹ̀pà. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bátìrì wà lọ́tọ̀.

Inú bí mi, mo gbàgbé ìkúnlẹ̀. Mo pariwo, "Bàbá, kí lẹ yọ ọ́ fún? Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Ó rọra ju ẹ̀pà sẹ́nu. "Ó ti pẹ́ tí fóònù ti ń fọwọ́ kàn mí. Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé. Mo ní kí n yọ bátìrì, bóyá ọmọ mi á wá wo èmi náà."

Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, ọwọ́ líle tó gbóná. Ó fi í síbẹ̀ títí orúnkún fi ń dùn mí. Mo fẹ́ dìde, ó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀.

"Ṣe sùúrù," ó ní, "mi ò tíì ṣe tán."