Òrí Nínú Mọ́tò Onídígí Dúdú

Lọ́jọ́ tí ọkọ mi gbé mọ́tò rẹ̀ dé pẹ̀lú dígí dúdú, ẹ̀yìn ilé ni mo wà, tí mò ń po òrí. Mo gbọ́ ìró mọ́tò, mo yọjú, mo sì rí i tó dúró sábẹ́ igi máńgòrò bó ṣe máa ń dúró, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Láti ọdún tí a ti ní mọ́tò yẹn, ojú ọkọ mi ni mo máa ń kọ́kọ́ rí kó tó sọ̀ kalẹ̀, màá sì ti mọ̀ láti ibẹ̀ bóyá èrò pọ̀ tàbí kò pọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ara mi ni mo rí nínú dígí, pẹ̀lú gèlè tó ti wọ́ àti ọwọ́ méjèèjì tó funfun fún òrí. Kò dùn mọ́ mi nínú rárá.

Mo bi í pé kí lèyí. Ó ní fimé ni, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dúdú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ dígí, pé ọkùnrin kan tó ń ṣe é létí ọ̀nà ní Glazoué ló bá òun lẹ̀ ẹ́. Ó ní oòrùn kò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́, pé inú mọ́tò yóò máa tutù bí inú ilé. Ó yára sọ ọ́ tán, bí ẹni tó ti kọ́ ọ sórí lójú ọ̀nà. Èmi kì í tètè gba nǹkan gbọ́, gbogbo ọjà Ìdáàṣà ló mọ̀ mí mọ́ ọn. Bí ẹnìkan bá ní gaàrí òun kò ní yanrìn, màá kọ́kọ́ bu díẹ̀ sẹ́nu. Bí ẹnìkan bá kí mi ju bó ṣe yẹ lọ, màá máa retí ohun tó fẹ́ tọrọ. Nítorí náà, mo kí ọkọ mi kú oríire, mo padà sídìí òrí mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Mọ́tò náà ló fi ń ṣe táksì. Ó ń gbé èrò láti Ìdáàṣà lọ sí Tré àti Akofodjoulè, tó bá sì di ọjọ́ ọjà, yóò gba Glazoué lọ. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù nínú rẹ̀ ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Fèrèsé nìkan ni èrò fi ń mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí fimé yìí ti dé, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbogbo dígí sókè pátápátá. Ẹni tó ń wá ìtutù, tó wá ń ti fèrèsé pa lọ́sàn-án gangan! Mo bi í léèrè, ó ní bí dígí bá wà nísàlẹ̀, kí ni fimé fẹ́ fi dá oòrùn dúró? Èrò ń làágùn, òun náà ń làágùn. Èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀, mo sì ń rí ìlà funfun tí iyọ̀ òógùn ń fà sí ẹ̀yìn ẹ̀wù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi: mo rò pé obìnrin ni. Kí tún ni ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun ń fi dígí dúdú pamọ́? Àwọn jàndáámù, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ojú ọ̀nà, pàápàá dá a dúró, wọ́n ní kó yí dígí sílẹ̀ kí àwọn rí ojú rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́, mo ní ì bá wù mí kí n wà níbẹ̀ kí n jọ bá wọn wò ó.

Ìyá ọkọ mi ló tún wá da epo síná. Tré ni wọ́n ń gbé. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, wọ́n gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lẹ́yìn Máàsì, wọn ò sì jókòó. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti kọjá lára àwọn lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà, àwọn juwọ́ sí i, kò dáhùn. Àwọn ará Tré ti ń sọ pé ó ti di ọ̀gá, pé ó ra dígí dúdú kó má baà kí èèyàn. Ní tiwa níbí, ẹni tó bá wa mọ́tò kọjá lára àgbà láìgbọ́wọ́ sókè ti sọ̀rọ̀ burúkú sí i, bí kò tilẹ̀ lanu. Mo bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo fi èyí kún èyí tí mo ti ní nílẹ̀.

Mo tún ṣàkíyèsí pé kì í wa mọ́tò nírọ̀lẹ́ mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti wà nílé. Obìnrin mìíràn ì bá dúpẹ́. Èmi bi ara mi pé ta ló ń gbé oúnjẹ fún un lọ́sàn-án, tí ara rẹ̀ fi ń balẹ̀ tó báyìí lálẹ́. Mo tú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Mo tú abẹ́ ibùsùn, mo tú àpótí tó ń kó aṣọ Máàsì rẹ̀ sí. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́, mo ti ń tú wọn láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, ó sì mọ̀. N kò rí nǹkan kan. Pé n kò rí nǹkan kan yìí gan-an ló tún bí mi nínú jù. Inú mọ́tò nìkan ni n kò lè tú, nítorí ìbàdí rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà.

Mo wá pinnu pé màá mú un nínú irọ́. Bí mọ́tò bá tutù lóòótọ́, màá gbé ẹnu mi dákẹ́. Bí kò bá tutù, a jẹ́ pé ó ní ohun mìíràn tó ń fi dígí yẹn bò, èmi náà yóò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ gbé ilé náà tàbí kí n kó ẹrù mi. Bẹ́ẹ̀ ló le tó lọ́kàn mi nígbà yẹn.

Àlájì kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò wà lódìkejì ilé wa. Òun náà ní mọ́tò, irú ti ọkọ mi gẹ́lẹ́, funfun bíi tiwa, àmọ́ dígí tirẹ̀ mọ́ gaara. Mo lọ bá a pé mo fẹ́ gbé àwo òrí kan sínú mọ́tò rẹ̀ níbi tó gúnlẹ̀ sí nínú oòrùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá oòrùn ni mo fẹ́ pè ní ẹlẹ́rìí. Ó ní fimé máa ń gba oòrùn lára ẹni tó jókòó, kó má jó o lápá, ṣùgbọ́n mọ́tò tó bá dúró sójú oòrùn láti àárọ̀, ooru ti gba ibòmíràn wọ inú rẹ̀, dúdú yẹn fúnra rẹ̀ sì ń mu oòrùn. Mo ní kó jẹ́ kí òrí sọ ọ́.

Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà yẹn, òrí ṣì máa ń le dáadáa bó bá wà níbòòji. Lọ́jọ́ kan tí ọkọ mi kò gbé èrò, tó fọ mọ́tò láàárọ̀ tó sì gbé e sójú oòrùn kó gbẹ, mo bù ú sínú àwo mẹ́ta tó dọ́gba. Mo gbé ọ̀kan sórí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò Àlájì. Mo gbé èkejì sídìí àmù omi nínú yàrá. Fún ẹ̀kẹta, mo ní kí ọkọ mi ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò fún mi, pé mo fẹ́ gbé òrí oníbàárà mi kan sí i kí n má baà gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ṣí i, ó dúró tì mí títí mo fi yọ orí jáde, ó tì í pa, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ara tún fu mí sí i.

Mo lọ wò wọ́n kí oòrùn tó kanrí. Ti Àlájì ti ń rọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń dán. Fún tiwa, mo ní láti fi ojú mi lẹ dígí kí n fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ojú kí n tó rí i, àmì ìka mi sì ṣì wà lórí òrí náà ketekete. Mo gbà pé ojú tì mí díẹ̀. Mo wọlé, mo se oúnjẹ tó dùn fún ọkọ mi.

Ṣùgbọ́n nígbà tí òjìji òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa ti ń sún mọ́ àgbàlá, mo padà lọ. Méjèèjì ti di epo. Mo ti mọ́tò wa díẹ̀, èyí tó wà nínú rẹ̀ sì ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ nínú àwo, kò sí àmì ìka, kò sí nǹkan kan. Mo fọwọ́ kan dígí dúdú náà, mo sì tètè fà á kúrò, nítorí ó gbóná ju dígí Àlájì lọ. Mo wọ yàrá lọ wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Ó le bí mo ṣe gbé e síbẹ̀. Ìtutù díẹ̀ ni fimé fi tan òrí jẹ, ó sì ti tán kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo kàn ní kí ọkọ mi mọ̀ pé èmi yóò bá a lọ sí Tré láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Kò fẹ́. Ó ní èrò yóò pọ̀. Mo ti jókòó síwájú kó tó sọ̀rọ̀ tán. Kò tíì sí èrò kankan, àwa méjì péré ni, dígí sì wà lókè. Mo ń wo ìjókòó bóyá màá rí irun obìnrin, mo ń fa imú bóyá màá gbọ́ òórùn lọ́fínńdà. Eruku pupa àti òógùn ọkọ mi nìkan ni mo gbọ́.

A ti ń wọ Tré nígbà tí mo rí ìyá rẹ̀. Ọ̀tún ojú ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, lọ́dọ̀ mi, wọ́n gbé agbọ̀n sórí, wọ́n sì ń juwọ́. Wọ́n sún mọ́ wa débi pé mo rí pákò tó wà lẹ́nu wọn. Ọkọ mi kọjá lára wọn. Kò dẹ ẹsẹ̀, kò yí ojú. Agbọ̀n náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan mọ́tò.

Mo ní kó dúró. Nígbà tó dúró, mo sọ fún un pé, "Bàbá Ìbejì, màmá yín lẹ kọjá yẹn."

Ó yí gbogbo orí rẹ̀ padà, kì í ṣe ojú nìkan, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó jábọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, gbangba báyìí, nínú oòrùn àárọ̀. Ó ní, "Níbo?"

Ìbínú tí mo ti ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí wá kúrò lára mi, ẹ̀rù sì gba ipò rẹ̀.

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ṣí àpótí kékeré tó wà níwájú mi, ó mú ìgò oògùn kan jáde nínú ọ̀rá dúdú. Ó ní dókítà ojú ti sọ fún òun láti ìgbà iṣu tuntun pé àìsàn kan ń jẹ ojú òun láti ẹ̀gbẹ́. Àárín ṣì wà. Ó ń rí ọ̀nà, ó ń rí mọ́tò tó ń bọ̀ níwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti ń lọ, ìrọ̀lẹ́ sì burú jù. Kó máa kán oògùn yìí sójú lójoojúmọ́ títí ayé, kí èyí tó kù má baà lọ. Wọ́n sì kìlọ̀ fún un ní famasí pé ooru máa ń ba oògùn náà jẹ́, kó fi í síbi tó tutù.

Mo ní kí ló dé tó wá fi í sínú mọ́tò.

Ó ní, "Níbo ni mo fẹ́ fi í sí nílé tí o ò ní tú u jáde, Ìyá Ìbejì? O ń tú àpò, o ń tú abẹ́ ibùsùn. Bí o bá rí i, wàá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Inú mọ́tò yìí nìkan ni ọwọ́ rẹ kò dé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi lẹ fimé, kí ó lè máa tutù fún un."

Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti sun inú mọ́tò, síbẹ̀ ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀ yẹn. Mo rántí òrí tó ń mì nínú àwo. N kò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè fi í pamọ́ fún un.

"Òrí yọ́ lánàá," ni mo wí. "Nínú ti Àlájì, àti nínú tiwa."

Ó yé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó di ọwọ́ mọ́ ìdarí mọ́tò, ó ń wo iwájú, níbi tó ṣì ti ń rí nǹkan. Ìyá rẹ̀ dé, wọ́n ń kan dígí, wọn ò rí wa. Ó yí dígí sílẹ̀. Wọ́n ti la ẹnu láti sọ gbogbo ohun tó wà nínú wọn, wọ́n rí ojú wa, wọ́n sì sọ agbọ̀n kalẹ̀.

N kò jẹ́ kó wa mọ́tò náà padà. A pe Àlájì, ó gun ọ̀kadà wá, òun ló wà á wá sílé. Lọ́dọ̀ dókítà, mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé mélòó nínú ohun tó lọ ló jẹ́ ti àìsàn, mélòó ló jẹ́ ti ooru. Ó ní òun ò lè sọ, pé èyí tó ti lọ kò ní padà, kí a tọ́jú èyí tó kù. Mo fura pé ó mọ̀, pé ó kàn ń ṣàánú mi ni.

Àbúrò ọkọ mi ló ń wa mọ́tò náà báyìí. Wọ́n ti bó fimé kúrò, ọkọ mi a sì máa jókòó síwájú nígbà mìíràn. Bí ẹnìkan bá juwọ́, àbúrò rẹ̀ á sọ ẹ̀gbẹ́ tí ẹni náà wà fún un, ọkọ mi yóò sì gbọ́wọ́ sókè síbẹ̀. Ìgò tuntun wà nídìí àmù omi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo òrí kan tí n kì í tà. Kí n tó kán oògùn náà sí i lójú nírọ̀lẹ́, mo máa ń fi ìka tẹ òrí yẹn wò. Títí di òní, ó ṣì ń le.

Mi ò tú àpò rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ gbé aṣọ fún mi fọ̀, yóò ti kọ́kọ́ yí inú gbogbo àpò rẹ̀ síta, kí n lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é mọ́. Láàárọ̀ yìí, ó tún ṣe é.