Ẹni Tó Jókòó Nígbà Tí Màmá Ní Kó Wá Jẹun

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ìyàwó mi pàápàá kò kọ́kọ́ gbà mí gbọ́. Ó ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ irú ẹnu tí mo ní. Ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré lójoojúmọ́, ọjọ́ tó bá sọ òótọ́ ni wọ́n máa ń ní kó lọ mú ẹlẹ́rìí wá. Ẹlẹ́rìí tèmi ò sì gbọ́ Yorùbá. Ó ń ta oúnjẹ lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan nítòsí èbúté Houston, ó sì rí gbogbo rẹ̀: ìyá ìyàwó mi, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìntì, obìnrin tó máa ń na ọmọ iléèwé tó bá ń jẹ gúgúrú lójú títì, jókòó sórí àga oníke lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ jẹun nínú abọ́ kan náà pẹ̀lú ọkùnrin tí kò rí rí láyé rẹ̀.

Lẹ́yìn tí a sin Bàbá, ìyẹn bàbá ìyàwó mi, ni a mú Màmá wá sọ́dọ̀ wa ní Brays Oaks, àdúgbò wa ní Houston. A rò pé ojú ọmọ àti ọmọ-ọmọ á mú ọ̀fọ̀ náà fúyẹ́. Ṣùgbọ́n Màmá ò jẹun. Kì í ṣe pé oúnjẹ wọ́n. Ẹni tó bá ní òun ò rí iyán, ẹ̀fọ́ àti panla ra ní Houston, kó yáa sọ pé òun ò ní mọ́tò. Ìyàwó mi á sè, á bù ú, á gbé e sí tábìlì, Màmá á bu òkèlè kan, á bu èkejì, á fọwọ́, á ní, “Ẹ ṣeun, mo ti yó.” Díẹ̀díẹ̀, bùbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fì lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. A gbé e lọ rí dókítà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní kò sí àìsàn kankan lára rẹ̀, kó ṣáà máa jẹun. Bí ẹni pé ìyẹn ni a ò mọ̀.

Níkẹyìn Màmá ní kí a dá òun padà sílé. Ilé wo? Ilé ńlá kan ní Abẹ́òkúta, tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ra, ó ṣí omi kí a má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní, “Bí wọ́n bá padà sínú ilé òfìfo yẹn báyìí, ìròyìn wọn nìkan la ó máa gbọ́. A ò ní rí wọn mọ́.” Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní àwàdà kankan fún ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń jẹun nílé wa, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, iṣẹ́ òru ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìdúró ló máa ń jẹun, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ ń jẹ tiwọn pẹ̀lú fóònù. Èmi, inú mọ́tò ni tábìlì mi, lórí fíríwéè, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, láàárín ilé àti ibi iṣẹ́. Bí mo bá bá Màmá nídìí oúnjẹ nírọ̀lẹ́, á gbójú sókè, á ní, “Ọkọ mi, ẹ wá jẹun.” Èmi ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, n ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, n ó ní, “Ó máa gba ibi ire, Màmá,” n ó sì yára kọjá. Ta ni yóò ti ọwọ́ bọ abọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀? Ìyá tó bí mi á jí dìde láti wá gbá mi létí. Ìdáhùn kan náà ni ìyàwó mi ń fún un. Àwọn ọmọ á ní, “I’m good, Grandma.” Gbogbo wa la dáhùn. Kò sí ẹni tó ṣe àfojúdi.

Iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ àwọn ẹ̀rọ gìrìwò tó ń gbé àpótí ẹrù kúrò nínú ọkọ̀ òkun wò, bóyá irin wọn ṣì dúró dáadáa. Iṣẹ́ náà ti gbé mi dé Galveston, ó ti gbé mi dé Freeport, ó gbé mi dé Veracruz ní Mẹ́síkò lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ òfin kan tí mi ò rí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí: ìlú èbúté kì í gbé oúnjẹ gidi rẹ̀ síbi tí òkun ti dára wò. Ibi tí òkun bá ti dára wò, àlejò ni wọ́n ń ta nǹkan fún. Akoto ni kí ẹ wá, ìyẹn fìlà líle tí àwa òṣìṣẹ́ èbúté máa ń dé. Ibi tí akoto bá ti tò, ẹ tò sẹ́yìn wọn. Ẹ má bèèrè ohun tí wọ́n ń tà.

Mo wá rò ó pé, àwọn ará Mẹ́síkò ń jẹ ata, wọ́n ń jẹ àgbàdo, wọ́n ń fi ọwọ́ jẹun. Bóyá ẹnu Màmá á ṣí sí i. Ìyàwó mi wò mí. “Màmá ò jẹ ẹ̀fọ́ tí mo sè, ti Mẹ́síkò ni wọ́n máa jẹ?”

“Ṣé mo ní o ò mọ oúnjẹ sè ni?”

“Ẹ ò tíì sọ ọ́. Ẹ ń bọ̀ níbẹ̀.”

Bí ó ṣe di ọjọ́ Sátidé nìyẹn, tí èmi àti Màmá kọrí sí Galveston, ìyàwó mi ń sùn nítorí iṣẹ́ alẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rú òfin ara mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ìyá ìyàwó mi jókòó sẹ́bàá ọ̀nà láàárín àwọn oníbàtà irin? Mo mú un lọ sílé oúnjẹ kan tó kọjú sí òkun, tí wọ́n gbé àwọn fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́ sára ògiri. Wọ́n gbé táko wá, èyí tí èèpo rẹ̀ le bí bisikíìtì, tí wàràkàṣì pọ́nbélé sì bo inú rẹ̀.

Màmá gé e jẹ. Ó dún káú. Ó dáwọ́ dúró, ó wò ó.

“Kí ni wọ́n ń pè é?”

“Táko ni, Màmá.”

“Ó ń pariwo.” Ó rọra gbé e sílẹ̀. “Oúnjẹ tó bá ń pariwo lẹ́nu àgbà, ẹjọ́ ló ń rò. Ẹ wá bá mi jẹ lára rẹ̀.”

“Ó máa gba ibi ire, Màmá.”

Ó mu omi. Oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ nìyẹn.

A ń padà bọ̀, a ti súnmọ́ ìlú. Ìgbà náà ló ní, láì wo ojú mi, “Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó yín, kó wá tíkẹ́ẹ̀tì tí n ó fi padà sílé fún mi. Kó má sunkún.”

Mo kàn rí i pé mo ti yà kúrò lórí fíríwéè, mo forí lé apá ibi tí àwọn ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Houston, nítorí mo rántí obìnrin kan tó máa ń tajà ní òdìkejì ọgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká yà síbì kan.”

“Ṣé tibẹ̀ náà ń pariwo?”

Kò sí òkun tó dára wò níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù onítáyà ló wà lápá kan, ògiri gígùn wà lápá kejì, orí àwọn ẹ̀rọ mi ń yọ lókè rẹ̀ bí ọrùn àgùnfọn. Obìnrin náà gbé ìkòkò ńlá sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó to tábìlì àti àga oníke sábẹ́ igi. Akoto pọ̀. Mo ń ronú bí mo ṣe máa gbé oúnjẹ wá bá Màmá nínú mọ́tò, kí ojú má baà tì í. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ṣí ìdérí ìkòkò, ooru rú tùù, Màmá sì ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀.

“Ewé nìyẹn?”

“Ewé ni, Màmá. Tàmáàlè ni wọ́n ń pè é.”

“Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni.” Ó ti sún mọ́ ìkòkò bí ẹni tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá wò. “Ta ló kọ́ wọn láti máa fi ewé pọ́n oúnjẹ?”

“Màmá, àwọn náà lè bi wá.”

Mo ṣàlàyé fún un pé háhá àgbàdo ni àwọn tó jìnnà sí òkun ń fi pọ́n tiwọn, pé ará Veracruz ni obìnrin yìí, àwọn ará etíkun ló ń lo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Obìnrin náà gbé abọ́ kan kalẹ̀, Màmá jókòó. Ó tú ewé náà bí ìgbà tí èèyàn ń tú ìdí ọmọ tó sùn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gé díẹ̀ sẹ́nu.

“Ẹ̀kọ ni,” ó wí. Ó jẹ ẹ́ lẹ́nu sí i. “Rárá o. Ẹ̀kọ tó fẹ́ mọ́ínmọ́ín ni. Adìẹ ló ṣe alárinà.”

Mo rẹ́rìn-ín, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ó tún bu díẹ̀, ó sì fa ọwọ́ padà. Mo mọ ìfàsẹ́yìn ọwọ́ yẹn. Mo ti rí i lórí tábìlì wa ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan ń kọjá lọ, akoto lábíyá, àgbàdo sísun nínú bébà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mi orí sí wa. “Provecho,” ó wí.

“Kí ló wí?” Màmá bi mí.

“Ó ń kí yín nídìí oúnjẹ ni. Ó ní kó ṣe ara yín lóore. Bí èèyàn bá kọjá lára ẹni tó ń jẹun láì sọ ọ́, wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé.”

Màmá gbé orí sókè. “Wọ́n mọ̀ ọ́n?” Ó yíjú sí ọkùnrin náà, ó na ọwọ́ sí abọ́, ó sì sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ. “Ẹ ṣeun o. Ẹ wá jẹun.”

Èmi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mò ń retí kó mi orí kó sì máa lọ. Ọkùnrin náà wo ọwọ́ Màmá. Ó wo abọ́. Ó gbé akoto sílẹ̀, ó da omi inú ike sọ́wọ́, ó fa àga, ó jókòó.

Mo rọra ní, “Màmá, kò mọ̀ pé—”

“Kò mọ kí ni? Mo pè é, ó wá.”

Ọkùnrin náà gbé àgbàdo rẹ̀ sáàárín, tí wọ́n fi ata àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa lára. Ó dúró títí Màmá fi bù, kó tó bù tirẹ̀. Ó fi tàmáàlè náà sẹ́nu, ó sọ̀rọ̀ kan.

“Ó ní kí ni?”

“Ó ní ata rẹ̀ ò tó.”

“Òótọ́ ló sọ!” Màmá gbá tábìlì. “Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́!”

Obìnrin tó ń tajà gbọ́ ohùn náà, ó gbé ata wá, ó ń ṣe bí ẹni tó ń bínú. Màmá àti ọkùnrin náà da ata sí i, wọ́n ń bù ú, wọ́n ń fa imú, ó ń fi èdè tirẹ̀ sọ̀rọ̀, Màmá ń fi tirẹ̀ dá a lóhùn, wọn ò sì wá ògbufọ̀ mọ́. Wọ́n tú ewé mìíràn, wọ́n tún tú òmíràn. Nígbà tó kù díẹ̀, ègé adìẹ kan ṣẹ́kù láàárín abọ́. Ọkùnrin náà tì í sọ́dọ̀ Màmá. Màmá tì í padà. Ó tún tì í wá. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé omi wà lójú rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ti ata ni.

“Bí bàbá yín ṣe máa ń ṣe nìyí,” ó wí. “Wọ́n á fi ẹran sílẹ̀ fún mi, èmi náà á fi sílẹ̀ fún wọn. Ológbò wa ló máa ń jẹ ẹ́.”

Ó mú ẹran náà, ó pín in sí méjì. Ó ra púpọ̀ nínú tàmáàlè náà pé kí a gbé e lọ sílé.

Nínú mọ́tò, ó ní, “Ọkọ mi, ṣé ẹ mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni mò ń pè yín wá jẹun?”

“Mo máa ń dáhùn, Màmá.”

“Ẹ máa ń dáhùn. Ẹ ń dáhùn dáadáa. Ẹ tiẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ sí i.” Ó ń wo ìta. “Ọkùnrin yẹn ò mọ ìdáhùn. Ó jókòó.”

Mo wa mọ́tò. Mo ń ro gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo ti fọwọ́ kan ilẹ̀, tí mo kọjá, tí inú mi dùn pé mo mọ ilé tí mo ti wá. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, ọwọ́ méjì ló ń wọ abọ́ Màmá. Ọwọ́ kan ṣoṣo rẹ̀ tó kù ò mọ ọ̀nà mọ́. Ó ń wá èkejì láàárín wa, àwa ń fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn. Lọ́hùn-ún nílé, bí èèyàn bá dáhùn báyẹn, ẹlòmíràn á ṣì jókòó, torí èèyàn kún ilé. Ní Brays Oaks, bí gbogbo wa bá ti dáhùn tán, ó parí.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ má tíì sọ ọ́ fún un.”

Ìyàwó mi ti lọ síbi iṣẹ́. Mo pè é lórí fóònù, mo rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, “Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀,” ó sì pa fóònù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ sùtánà funfun mi fún ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń sáré jáde láti jẹ búrẹ́dì mi nínú mọ́tò. Màmá ti wà nídìí tábìlì. Ó ti mú tàmáàlè náà gbóná, abọ́ kan ṣoṣo ló gbé kalẹ̀.

“Ọkọ mi, ẹ wá jẹun.”

Ẹnu mi, ẹnu tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré, kò dúró dè mí. “Ó máa gba ibi i—”

Màmá di apá sùtánà mi mú.

“Jókòó,” ó wí. Kò ní “ẹ jókòó.”

Mo jókòó. Mo ti ọwọ́ bọ abọ́ ìyá ìyàwó mi, ojú ń tì mí, ata sì kán sí sùtánà mi láàárín àyà gan-an níbi tí gbogbo ìjọ á ti rí i. Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyàwó mi dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó dúró, ó ń wò wá bí ẹni tó wọ ilé onílé. Màmá ò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn.

“Lọ fọwọ́ rẹ kí o wá. Ọkọ rẹ fẹ́ jẹ ẹ́ tán.”

Ó fọwọ́, ó jókòó, ó bọ́ bàtà. A jẹun títí ó fi ku ègé adìẹ kan. Mo tì í sọ́dọ̀ Màmá, Màmá tì í sọ́dọ̀ ìyàwó mi, ìyàwó mi tì í padà sọ́dọ̀ mi, ó tún yí lọ bẹ́ẹ̀, ó tún yí bọ̀. A ò ní ológbò. Èmi ni mo jẹ ẹ́.