Idà Onílámilámi

Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹni tí kì í fi àìmọ̀ wa dá wa lẹ́jọ́. Bí kì í bá ṣe àánú rẹ̀ ni, bóyá èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò ní máa bára wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọdún díẹ̀ ló kù kí a wọ ẹgbẹ̀rúndún tuntun nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti ilẹ̀ Jàpáànù dé, níbi tó ti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó mú idà kan bọ̀. Baba arúgbó tó gbà á sílé níbẹ̀, tí kò bímọ, ló fún un. Idà ìdílé rẹ̀ ni. Àkọ̀ rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí omi kànga. Lára irin pẹlẹbẹ tó wà láàrin èèkù àti ojú idà, wọ́n fi wúrà ya lámilámi méjì.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ni jagunjagun ń fi lámilámi ṣe? Ohun tí ọmọdé ń lé kiri etí odò."

"Iwájú nìkan ló ń fò sí," ó dáhùn. "Àwọn jagunjagun wọn fẹ́ràn rẹ̀ torí pé kì í pẹ̀yìn dà."

Ó fi idà náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Òkè-Ìlá, ó wá iṣẹ́ lọ sí Èkó. "Má fọwọ́ kan ojú rẹ̀ o."

Èmi sì wà lára àwọn obìnrin tó ń fọ ohun èlò pẹpẹ ní ìjọ Àgùdà wa. Ọsàn wẹ́wẹ́ la fi ń fọ ọ̀pá àbẹ́là onídẹ títí yóò fi mọ́. Ní Sátidé tí mo gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, mo yọ idà náà wò. Nǹkan funfun kan rú létí ojú rẹ̀ láti orí dé ìdí. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo gé ọsàn méjì, mo fi aṣọ fẹ́lẹ́ nù ún.

Kò lọ. Ńṣe ló tún funfun sí i, tó rí bí ìgbì omi. Mo ṣì ń nù ún nígbà tí màmá wa wọlé.

"Ṣé o ti ba idà ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́ ni?"

"Mo kàn fọ̀ ọ́ ni, Màmá."

"Ohunkóhun tó bá ti ń dán, àfi kí o fọ̀ ọ́. Orí pípá baba yín ló kù."

Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n nù ún gbẹ, kí n fi epo ẹ̀rọ ìránṣọ wọn pa á, bí baba tiwọn ti ń ṣe àdá. Ní gbogbo ìgbà tí a fi ṣe Máàsì lọ́jọ́ Àìkú, ìgbì funfun náà ni mò ń rí.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ kó tó jókòó. Ó gbé idà náà lọ sójú fèrèsé, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Kọ́ mi ní kí ni, sà?"

"Ọsàn wẹ́wẹ́." Ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní amọ̀ ni alágbẹ̀dẹ wọn máa ń fi pa irin náà kó tó tì í bọ iná, kó tó rì í sínú omi. Ibi tí amọ̀ bá ti fẹ́lẹ́ ló ń le jù, ìgbì yẹn sì ni àmì rẹ̀. Bí ilà ojú ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò yóò mọ ilé alágbẹ̀dẹ tó ti wá. Ohun kíkan máa ń jẹ́ kó hàn kedere, epo ni kì í jẹ́ kí ìpẹtà mú un.

"N kò rí i tó báyìí rí," ó ní. "Dìde jàre. Ṣé iyán ti ṣe tán?"

Láti àárọ̀ Sátidé, ìyẹn ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tó lọ lọ́fun mi.

Ìwọ tó ń ka èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àṣìṣe ọwọ́ rẹ di ìbànújẹ́ ilé rẹ. Kó sì fi ẹni tí yóò wò dáadáa kó tó bínú yí ọ ká.